Ẹ̀yìn Tírélà Lóru: Ta Ló Ni Ín?

 

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onímọ́tò, iṣẹ́ tí ẹ gbé fún mi ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ àjàgbé. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn mí jù. Gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ ló ń sin ẹni tó wà nínú rẹ̀. Fèrè ń bá dẹ́rẹ́bà lé èèyàn kúrò lọ́nà. Iná iwájú ń fi kòtò hàn án. Bíréèkì ń dá a dúró kó má baà kú. Iná ẹ̀yìn ló yàtọ̀. Dẹ́rẹ́bà kì í rí i nígbà tó bá ń tàn, kì í sì í mọ̀ nígbà tó bá kú. Bí iná iwájú bá kú ní Bódé Sáàdú lóru, yóò dúró, yóò lọ jí rewáyà lójú oorun. Bí iná ẹ̀yìn bá kú níbẹ̀, yóò wakọ̀ dé Kánò, yóò já ẹrù, yóò gbowó, yóò sì tún padà wálé. Ẹni tó ni iná ẹ̀yìn ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tí kò mọ olówó ọkọ̀, tí kò sì dá kọ́bọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń kẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n ń tún ṣe.

Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: nǹkan tó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn lára ọkọ̀ wa, a kò lè fi í sílẹ̀ fún àánú dẹ́rẹ́bà. Olówó ọkọ̀ ni kó sanwó rẹ̀. Ẹni tó ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ni kó bèèrè rẹ̀. Nínú ohun tí a óò rà, èyí tí kò lo bátìrì ni kó sì ṣáájú.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn ọkọ̀ wa. “Sùúrù Lérè”. “Ìgbà Ò Lọ Bí Òréré”. Olówó ọkọ̀ mìíràn á ti sanwó fún ẹni tó ń kọ ọ́, tó ń ya idì àti kìnnìún sí i, kó tó rántí rewáyà. Ó dùn-ún kà lọ́sàn-án, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò sẹ́ni tó lè ka lẹ́tà kan níbẹ̀ àfi ẹni tó ti sún mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ bá mi wọ mọ́tò kékeré kan ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Kìlómítà 100 ní wákàtí kan ni òfin gbà á láyè láti sá. Eré yẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ojú á rí nǹkan, ọpọlọ á mọ ohun tó jẹ́, ẹsẹ̀ á bọ́ sórí bíréèkì. Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí kò rẹ̀, èyí lè gba ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀. Mọ́tò ti lọ mítà 42 kí bíréèkì tó mú rárá. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, pẹ̀lú taya tó dára, yóò tún lọ bíi mítà 55 kó tó dúró. Ẹ pa á pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 100, ìyẹn bí ẹni rìn láti ojú ilé kan dé èkejì lórí pápá bọ́ọ̀lù.

Iná iwájú tí a díìmù, kó má baà ṣẹ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú, kì í sábà fi ohun dúdú hàn títí yóò fi ku nǹkan bíi mítà 50 tàbí 60. Ẹ̀yìn tírélà tí eruku àti èéfín ẹ́ńjìnnì ti bò, ohun dúdú gan-an nìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Mítà 100 ni mọ́tò nílò, mítà 60 ni ojú fún un. Awakọ̀ náà lè má fẹnu kan ọtí, kó má sáré kọjá òfin, kí taya rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun, kó sì kú síbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé òkú rẹ̀ tán, àwa á ní eré àsápajúdé ló pa á.

Kò yàtọ̀ púpọ̀ bí tírélà náà bá ń rìn. Èyí tó ru sìmẹ́ǹtì gun òkè lè má sá ju kìlómítà 20 ní wákàtí. Bí ọ̀nà bá ṣì jìn, ojú èèyàn kì í tètè dá ọkọ̀ tó ń sáré lọ níwájú mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń wọ́, tàbí èyí tó dúró pátápátá. Ohun tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti ń ká ọkọ̀ mọ́ ni pé àlàfo tó wà láàárín iná ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ń fẹ̀ sí i. Láti mítà 200, fífẹ̀ yẹn kéré débi pé ojú kì í fura. Ìdí nìyẹn tí iná fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, èkejì ní ìpẹ̀kun òsì.

Ní tèmi o, iná kan ṣoṣo burú ju òkùnkùn lọ. Ẹni tó bá rí iná pupa kan lọ́ọ̀ọ́kán á gbà pé ọ̀kadà ni. Á ní òun á fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un, òun á yà á sílẹ̀ kọjá. Bí iná tó kù bá jẹ́ ti apá ọ̀tún, ọwọ́ òsì ló máa gbà, ọwọ́ òsì yẹn gan-an sì ni ìyókù tírélà náà wà, pẹ̀lú fífẹ̀ mítà méjì àbọ̀. Òkùnkùn kì í pe ẹnikẹ́ni kó wá gba ibì kan. Iná kan pè é.

Kí ló ń pa iná ẹ̀yìn? Ẹ̀yin rewáyà mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àwọn olówó ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Láti orí tírélà bọ́ sára rẹ̀, wáyà méje ló ń gba inú okùn kan kọjá: ti bíréèkì, ti tráfíkétọ̀ ọ̀tún àti òsì, méjì fún iná alẹ́, ọ̀kan fún iṣẹ́ mìíràn, àti áàtì. Áàtì ló ń dá iná padà sí bátìrì. Bí ìdérí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti já, omi òjò á wọlé, ìpẹtà á jẹ ẹnu áàtì, iná á sì máa wá ọ̀nà mìíràn padà. Á gba ara irin, á gba ibi tí ara tírélà ti gbé orí rẹ̀ gùn, níbi tí gírísì kún fọ́fọ́. Ẹ ti rí ọkọ̀ tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ tẹ bíréèkì tó jẹ́ pé tráfíkétọ̀ ló ń tàn fìrìfìrì? Àìsàn áàtì nìyẹn. Ẹ lè pààrọ̀ gílóòbù mẹ́wàá, kò ní í gbọ́.

Ẹjọ́ kejì ni ti ọkọ̀ tí orí rẹ̀ ti Yúróòpù wá, tí ara rẹ̀ ti Amẹ́ríkà wá. DAF, MAN àti Iveco tí wọ́n ń kó wá láti Yúróòpù, fólítì 24 ni wọ́n ń lò. Mack tó ti Amẹ́ríkà wá, 12 ni. Nínú gáréèjì wa, bí wọ́n bá ti wọ ara wọn, a ti so wọ́n pọ̀ nìyẹn. Gílóòbù fólítì 12 tó bá pàdé 24 á jó lójú ẹsẹ̀, ìyẹn tiẹ̀ sàn, nítorí ẹni gbogbo á mọ̀ pé ó ti jó. Ti 24 tó bá pàdé 12 ló léwu. Á pọ́n díẹ̀. Dẹ́rẹ́bà á lọ wò ó lẹ́yìn ọkọ̀, á ní ó tàn. Ó tàn lóòótọ́, lójú ẹni tó dúró tì í. Ẹni tó ń bọ̀ láti mítà 150 kò rí nǹkan kan.

Gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà wa ló ń parí ìyókù. Inú gílóòbù àtijọ́, wáyà tín-ín-rín kan ló ń gbóná tó ń tàn. Bí ọkọ̀ tí kò ru ẹrù bá ń fò lórí kòtò, wáyà yẹn á já. Iná LED kò ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ nínú, òun ló fi ń pẹ́. Ó tún ní àǹfààní kan tí àwọn tó ń tà á kì í ráyè sọ: bí a bá tẹ bíréèkì, LED máa ń ṣáájú gílóòbù tàn pẹ̀lú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí eré 100, mítà 5 àbọ̀ nìyẹn fún ẹni tó wà lẹ́yìn. Mítà márùn-ún lè sọ ìjàǹbá di èébú lásán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ru pákó àti irin tó yọ kọjá ẹ̀yìn ọkọ̀, tí ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn, ẹ má bínú sí mi. Aṣọ pupa, dúdú ni lóru.

Èyí tí a ti ń sọ bọ̀, ti ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni. Èyí tó dúró ló le jù. Ẹni tó bá ti gba Ògèrè, níbi tí tírélà máa ń tò sí létí títì, kọjá lóru mọ ohun tí mò ń wí. Dẹ́rẹ́bà tó bá fi iná sílẹ̀ títí di àárọ̀, bátìrì rẹ̀ á kú, á wá máa bẹ ẹni tó máa bá a jí ọkọ̀. Àwọn mìíràn ń tú bátìrì wọlé sùn tì nítorí olè. Àwọn kan ní iná ló ń pe adigunjalè. Bí ọkọ̀ bá sì bàjẹ́, wọ́n lè já orí rẹ̀ lọ bá mẹkáníìkì, kí wọ́n fi ara rẹ̀ sílẹ̀ sétí títì pẹ̀lú ẹrù. Ara tírélà kò ní bátìrì tirẹ̀. Láti ìgbà tí okùn wáyà méje yẹn bá ti yọ, kò sí gílóòbù tó máa tàn lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ LED tó wọ́n jù láyé.

Kí là ń fi dípò rẹ̀? Ewé. Mọ́tò bọ́ì á ya ẹ̀ka igi, á tò ó sójú ọ̀nà. N kò fi ewé ṣẹ̀sín o. Lọ́sàn-án, gbogbo awakọ̀ ilẹ̀ yìí ló mọ ohun tí ewé tútù lójú títì ń wí, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Òru ni kò lágbára. Òkúta tí wọ́n fi há taya, tí wọ́n lọ tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sójú ọ̀nà, ìyẹn tún jẹ́ ikú mìíràn fún ọlọ́kadà. C-caution sì wà, ohun onígun mẹ́ta tí òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ ní. Bó bá jẹ́ ojúlówó, ó ń tàn dáadáa bí iná bá kàn án. Ibo la wá máa ń gbé e sí? Ìdí ọkọ̀, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó yọ láti kọ́nà tàbí láti ẹ̀yìn òkè kò ní í rí i títí ẹ̀pa ò fi ní í bóró mọ́. Ẹ gbé e rìn lọ sẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro yín, ẹ rán mọ́tò bọ́ì.

Mo ní èyí tí kò lo bátìrì ni kó ṣáájú. Téèpù rìfúlẹ́tọ̀ ni mo ní lọ́kàn. Ohun tó kàn ń dán, bíi páànù tàbí dígí, ibòmíràn ló ń ta ìmọ́lẹ̀ sí. Ti téèpù yìí yàtọ̀. Hóró dígí wínníwínní ni wọ́n tò sínú rẹ̀, tàbí igun kéékèèké tí ojú lásán kò rí, tó jẹ́ pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wá ló ń dá a padà sí. Percy Shaw, ará Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo irú ọgbọ́n yìí ní 1934 nígbà tó ṣe ojú ológbò tí wọ́n ń rì mọ́ àárín títì. Iná iwájú mọ́tò tó ń bọ̀ á kan téèpù, á padà sójú awakọ̀ mọ́tò náà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló gbé iná tirẹ̀ wá. Kò sí wáyà níbẹ̀, kò sí áàtì, kò sí bátìrì tí olè máa tú.

Ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún tírélà tuntun láti oṣù Kejìlá 1993: pupa, funfun, pupa, funfun, fífẹ̀ rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 5. Wọ́n fún àwọn tírélà tó ti wà lójú ọ̀nà ṣáájú ní àyè títí di oṣù Kẹfà 2001. Ọdún 2001 yẹn náà ni NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú ọ̀nà níbẹ̀, gbé ìwádìí jáde láti inú àkọsílẹ̀ ìjàǹbá Florida àti Pennsylvania. Nínú òkùnkùn, téèpù dín ìkọlù láti ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ tírélà kù ní ìdá 29 nínú 100. Níbi tí kò sí iná ojú pópó, ó dín in kù ní ìdá 41. Ẹ sì wò ó o, ọkọ̀ tí wọ́n ń yẹ iná ẹ̀yìn rẹ̀ wò déédéé nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, níbi tí téèpù lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó máa tàn lẹ́yìn ọkọ̀, èmi kò rí ìdí tí èrè rẹ̀ yóò fi kéré sí tiwọn.

Ibì kan wà nínú ìwádìí náà tí mo fẹ́ràn jù. Téèpù ẹ̀yìn tó mọ́ dín ìkọlù láti ẹ̀yìn kù ní ìdá 53 nínú 100 lóru. Èyí tó dọ̀tí, ìdá 27. Àkísà kan àti garawa omi ló wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì.

Ní Yúróòpù, láti oṣù Keje 2011 ló ti di dandan fún ọkọ̀ ẹrù tuntun tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 7.5 lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tòkunbọ̀ kan fi ń dé Àpápá pẹ̀lú téèpù lára. Ibi tí a ti ń kùn wọ́n ní àwọ̀ tiwa ni téèpù náà ti ń pòórá sábẹ́ ọ̀dà.

Ẹ má wulẹ̀ ra èyí tó ń dán lójú ọ̀sán. Ayédèrú pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ lẹ ègé kan mọ́ ògiri lóru, ẹ rìn jìnnà tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀bá ojú yín gan-an, kó ṣe déédéé ojú, kì í ṣe ní ìbàdí, kí ẹ tàn án sí i. Ojúlówó á là yín lójú. Ayédèrú á kàn wà níbẹ̀ bí ìwé lásán. Róòlù tí wọ́n sábà ń tà gùn ní nǹkan bíi mítà 45. Bí ẹ bá lẹ ìdajì gígùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tírélà onímítà 13, tí ẹ fa ìlà kan dábùú ẹ̀yìn nísàlẹ̀ láti igun dé igun, tí ẹ sì sàmì sí igun méjì tó wà lókè, kò tó mítà 20 tí ẹ lò. Róòlù kan tó tírélà méjì, ó tún ń ṣẹ́kù. Taya kan ṣoṣo lára ọkọ̀ yẹn wọ́n jù ú lọ fíìfíì. Ẹ rántí pé pupa ni ti ẹ̀yìn, tàbí pupa òun funfun. Funfun nìkan lẹ́yìn máa ń da orí awakọ̀ rú, á máa rò pé ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá bá òun.

Irin kan kù tí kò kan iná, àmọ́ n kò lè fò ó. Ara tírélà ga ju bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kékeré lọ. Bí kò bá sí irin tó dábùú ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì á wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wẹ́rẹ́, dígí iwájú ló máa kọ́kọ́ kan tírélà, orí àwọn tó jókòó síwájú ló sì tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà nì, Jayne Mansfield, ṣe kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1967, lójú ọ̀nà New Orleans, lẹ́yìn aago méjì òru. Ọkọ̀ kan ń fín oògùn ẹ̀fọn níwájú, tírélà dẹ eré nítorí rẹ̀, mọ́tò wọn sì wọ abẹ́ tírélà. Àgbàlagbà mẹ́ta tó wà níwájú kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn yè é. Orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ fi ń pe irin náà di òní. Síbẹ̀ òfin tó le lórí rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di 1998, ẹ má rò pé àwa nìkan la mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 56 sílẹ̀ ni gíga tí wọ́n ní kó má kọjá. Bí ẹ bá ní kí wẹ́dà jó tiyín, ẹ má jẹ́ kó lo páìpù tín-ín-rín tó máa ká bí mọ́tò bá gbá a.

Ta ni yóò wá ṣe gbogbo èyí? Òfin kọ́ ló wọ́n wa. Láti 1988 ni FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ti wà, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin ìrìnnà 2012 wà nílẹ̀. Àmọ́ ọ̀sán la sábà ń dá ọkọ̀ dúró wò, nígbà tí iná kò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹni. Dẹ́rẹ́bà la sì ń bu owó ìtanràn lé, dẹ́rẹ́bà tí kò ni ọkọ̀, tí wọ́n kò fún lówó gílóòbù. Yóò sanwó ìtanràn, yóò gun ọkọ̀ rẹ̀, yóò lọ bí ó ṣe wá. Ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òótọ́ ni.

Àwọn dẹ́rẹ́bà kan sọ fún mi pé téèpù á jẹ́ kí olè rí àwọn. Téèpù kì í tàn fún ẹni tó ń yọ́ bọ̀ nínú òkùnkùn láìgbé iná dání. Ẹni tó tan iná mọ́tò ń bọ̀ ló ń tàn fún. Àwọn mìíràn ní Ògún ń ṣọ́ àwọn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí Ògún. Ẹni tó ń fi ajá bọ ọ́ lọ́dọọdún ṣì ń pààrọ̀ taya, Ògún kò sì tíì bá a jà lórí ìyẹn.

Ẹnu géètì ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù ni agbára wà. Ètò kan ti wà fún tánkà agbépo, tí wọ́n ń pè ní Safe-to-Load: wọn kì í jẹ́ kí ó wọlé gbépo láì yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló dé tí tírélà tó ń lọ di sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò tàbí Ìbẹ̀ṣè, tàbí tó ń lọ gbé kọ̀ǹtéénà ní Àpápá, kò fi ní í gba irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀? Kò le. Dẹ́rẹ́bà á tẹ bíréèkì, á tan tráfíkétọ̀ lọ́tùn-ún lósì, mọ́tò bọ́ì á dúró lẹ́yìn pẹ̀lú òṣìṣẹ́ géètì. Wọ́n á yọ okùn wáyà méje, wọ́n á wo ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì bóyá ìpẹtà ti wọ̀ ọ́. Wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí téèpù láti ẹ̀bá ojú. Bó bá dọ̀tí, omi ń bẹ níbẹ̀. Èyí tí kò bá yege kò ní í gba ẹrù lọ́jọ́ náà. Olówó ọkọ̀ tí kì í gbé ìpè dẹ́rẹ́bà rẹ̀ nígbà tó ń bèèrè owó gílóòbù, bí ó bá gbọ́ pé ẹrù ọjọ́ kan bọ́ lọ́wọ́ òun, òun fúnra rẹ̀ ló máa pe rewáyà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìbéèrè yín ló kù báyìí. Ẹ̀yin rewáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi mí o, ní pàtàkì lórí áàtì yẹn.